Kérésìmesì Kò Ní Fo Ilé Ermina Dá

Bí ẹ bá dárúkọ Ermina Lezama ní àfonífojì Brígida lónìí, ẹ kò ní tíì pe orúkọ náà tán tí ẹnì kan á fi bú sẹ́rìn-ín, tí á ní, "Ti kọ́tìnì ńkọ́?" Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti kọ́tìnì kúrò nílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìyókù lè ráyè kọjá.

Ó ku ọ̀la kí àìsùn Kérésìmesì pé. Ermina ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ bọ̀ láti ìlú Arima bí ìṣe rẹ̀. Ọkọ̀ náà kún fọ́fọ́, kò sì sí èrò kan tí kò gbé nǹkan lé itan: háàmù, ìyẹ̀fun, ìgò ọtí, òdòdó onírọ́bà. Nígbà tí wọ́n gun òkè dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀ díẹ̀, Ermina yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sì ki í bọ àyà.

"Ṣé ọkọ̀ bàjẹ́ ni?" Tíṣà Warner ló béèrè. Òun ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àfonífojì náà kó tó fẹ̀yìn tì, ìdajì àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ló sì ti jẹ pàṣán rẹ̀ rí.

"Ọkọ̀ ò bàjẹ́, Tíṣà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló bàjẹ́." Ermina bẹ̀rẹ̀, ó fa ìdì aṣọ ńlá kan jáde lábẹ́ àga rẹ̀, aṣọ ewé tútù tí òdòdó pupa kún ara rẹ̀. "Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kọ́tìnì èṣí ò gbọdọ̀ fojú kan Kérésì ọdún yìí. Mo ti gé gbogbo ẹ̀, ó ku kí a ṣẹ́ ẹ létí. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún, ẹ gba aṣọ. Àwọn tó wà lápá òsì, ẹ gba abẹ́rẹ́."

Àǹtí Celestine, arúgbó tó ń jókòó sí àga iwájú nígbà gbogbo, wò ó látòkè délẹ̀. "Ermina, orí ẹ ò pé mọ́."

"Orí mi pé, Àǹtí. Kọ́tìnì ni ò tíì pé."

Ọlọ́pàá kan wà nínú ọkọ̀, Hollis Quamina, ọmọ àfonífojì náà. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó dìde, ó tún bẹ́líìtì rẹ̀ fà, ó ní, "Mà, ẹ má bínú o, ó lòdì sófin kéèyàn dá èrò dúró sójú ọ̀nà báyìí."

"Hollis."

"Mà?"

"Lọ́jọ́ tí o ń lọ ṣe ìdánwò ọlọ́pàá, tí ìdí ṣòkòtò ẹ fà ya lórí àga yìí gan-an, ta ló rán an fún ẹ?"

Gbogbo ọkọ̀ na etí kí wọ́n lè gbọ́ ìdáhùn. "Ẹ̀yin ni, mà."

"Óò. Gba abẹ́rẹ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ń kùn, nígbà tó yá wọ́n ń kọrin. Tíṣà Warner ń rìn kiri láàárín àga, ó ń yẹ ojú abẹ́rẹ́ wò bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò, ó sì ní kí àwọn kan tú tiwọn kí wọ́n tún un rán. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n fi parí. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ẹni tó kọjá níwájú ilé Ermina rí i pé etí aṣọ kan ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà òkè yẹn. Hollis ló rán an. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé nínú gbogbo ilé tó wà ní Trinidad, ilé Ermina nìkan ni ìjọba bá rán kọ́tìnì.

Obìnrin yìí kò ṣàdédé di onímọ́tò. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọkọ rẹ̀, Bonifacio, ló ni bọ́ọ̀sì náà. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú un lọ ní oṣù Kọkànlá, ó fi Ermina sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì: Ynez tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gorí àga dáná, àti Rufino tí kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Wọ́n sin òkú tán, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó máa ra ọkọ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé ọkọ̀ fẹ́ lọ síbì kan?" ni Ermina béèrè.

"Ìyàwó wa, ta ló máa wà á?"

"Èmi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Òkè yẹn? Àwọn ọkùnrin gan-an ń gbàdúrà kí wọ́n tó gùn ún."

"Èmi náà mọ àdúrà gbà," ni Ermina fèsì, ó sì kó ife kọfí kúrò níwájú wọn nígbà tí wọn kò tíì mu ún tán.

Orí pápá tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, láàárín àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ynez máa ń jókòó tì í, á máa pariwo "Màmá, ewúrẹ́! Màmá, ewúrẹ́!" Kò pa ewúrẹ́ kankan. Igi gbẹ̀rẹ̀fútù tó wà níwájú ilé Fada nìkan ló kọlù, gbogbo èso tó gbó lórí rẹ̀ sì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fada sáré jáde tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ermina ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń ṣa gbẹ̀rẹ̀fútù sínú agbọ̀n. "Ẹ káàárọ̀, Fada. Mo ní kí n bá yín ká a kó tó rà."

Láti ìgbà náà, òun ló ń kó àwọn èèyàn àfonífojì lọ sí Arima ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, òun ló sì ń kó wọn bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo oṣù ló ń ṣe é bí èèyàn. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá ti yọjú, ara Ermina á yí padà. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa: a gbọ́dọ̀ tú ilé palẹ̀, ká fọ ògiri, ká kun àga ní fánííṣì, ká rẹ èso gbígbẹ sínú ọtí fún kéèkì dúdú, ká se ìṣápá pupa fún mímu, ká se háàmù nínú agolo kẹrosíìnì, ká tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tuntun, ká sì so kọ́tìnì tuntun kọ́ kí àwọn olórin páráńgì, tó ń kọrin ọdún láti ilé dé ilé, tó gbé gìtá àti ṣákà-ṣákà dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó ń jókòó sílé láti àárọ̀ ń wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Ermina tí kì í gbélé rárá kò gbà kí ohun kan yẹ̀ níbẹ̀.

"Àwọn aládùúgbò ń fọ ògiri kan ṣoṣo tí àlejò máa rí," ni Ynez sọ fún un nígbà kan. "Kí ló dé tí àwa ń fọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Nítorí pé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà fẹ́ ṣe ọdún."

Nígbà tí ilé kò gba iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó gbé e wọnú ọkọ̀. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì Ermina ní oṣù Kejìlá á bá agbọ̀n ìṣápá lórí àga rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ jókòó, kó gbé e lé itan, kó sì máa bó o. Àlejò kan láti olú-ìlú, Port of Spain, tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọkọ̀ lòun wọ̀, òun kò wá síṣẹ́ oko.

Ermina wò ó nínú dígí. "Ọ̀gá, àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹ fẹ́ bó ìṣápá tàbí ẹ fẹ́ gbé ewúrẹ́ Àǹtí Celestine dání?"

Wọ́n ní nígbà tí ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ìka rẹ̀ pupa, àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pupa, ó sì ń béèrè pé ṣé kò sí ìṣápá mìíràn tó kù.

Ermina tún ní ọgbọ́n mìíràn tó fi orí ara rẹ̀ gbé kalẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì àtijọ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì wà nínú ilé ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọ́n fi ìdérí onírin bò ó. Ìdérí náà máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí èrò kì í fẹsẹ̀ kàn án. Ermina wò ó títí, ó ní kò yẹ kí iná Ọlọ́run máa ṣòfò báyìí. Láti ọdún yẹn, orí ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ti ń mú pasitẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gbóná. Bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ni wọ́n ṣe ń pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, ẹran lílọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Èrò ọkọ̀ á máa gun òkè, òórùn ata àti ẹran á máa gun imú wọn. Ọ̀pọ̀ ló kọjá ilé ara rẹ̀ kó tó rántí pé òun yẹ kí òun ti sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ọ̀gá kan báyìí, tí kì í rẹ́rìn-ín, bẹ̀rẹ̀ wo orí ìdérí náà.

"Ìyá, kí lèyí?"

"Pasitẹ́ẹ̀lì ni, sà."

"Mo mọ̀ pé pasitẹ́ẹ̀lì ni. Kí ló ń ṣe lórí ẹ́ńjìnnì?"

"Ó ń gbóná, sà."

"Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àdògán!"

"Sà, ẹ ò tíì tọ́ ọ wò, ẹ ti ń dá a lẹ́bi."

Ọ̀gá náà tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ òmíràn wò, kí ó lè dá a lójú. Ó wá nu ẹnu, ó ní táyà ẹ̀yìn kan ti jẹ jù, òun kò lè jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ. Ermina kò bẹ̀ ẹ́. Ó so èépírọ́ọ̀nù rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó gbé jáàkì, ó sì pààrọ̀ táyà náà lójú ẹsẹ̀, níṣojú ọ̀gá, bó ṣe ń kọrin ọdún lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé ọkọ̀ dé ẹnu géètì. "Ìyá, nígbà wo lẹ tún máa gbé ọkọ̀ yìí wá fún àyẹ̀wò?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀, sà."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ọ̀gá náà wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ jẹ́ kó bọ́ sí oṣù Kejìlá."

Gbogbo àfonífojì ló ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan wọ̀nyí. Ynez nìkan ni kì í fi gbogbo ìgbà rẹ́rìn-ín. Òun ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ní ọjọ́ ọdún gan-an.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì, wọn á dé láti Mísà, wọn á tẹ́ tábìlì, háàmù á wà láàárín, kéèkì dúdú á máa dán, ìṣápá á wà nínú ife. Ermina á jókòó sórí àga rẹ̀, á wo ohun gbogbo yí ká bí ọba tó ń wo ìlú rẹ̀, á gbé ṣíbí, á ní, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́." Kí wọ́n tó ṣe àmín, ó ti sùn lọ. Ṣíbí á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. Àwọn àlejò á máa jẹun, wọn á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí wọ́n má bàa jí i. Nínú gbogbo fọ́tò ọdún tí wọ́n yà nílé náà, orí ìyá wọn ni a ń rí, a kò rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí Ynez pé ọmọ ọdún méjìlá, ó bínú. Ó dúró títí ìyá rẹ̀ fi jí ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Màmá, ọdún wo lẹ máa bá wa ṣe ọdún?"

Ermina nu ìrẹsì kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ọdún tí mo ṣe látàárọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ sè é. Ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí a jẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ermina lára. Ó búra pé lọ́dún tó ń bọ̀, ojú òun á là sílẹ̀ bí ojú ẹja nínú omi. Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Nígbà tí ọdún náà dé, ó kọ̀ láti jókòó rárá. Ó gbé àwo rẹ̀ lọ́wọ́, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń jẹun lórí ìdúró, ó ń bi àlejò léèrè nípa ọmọ àti aya. Inú Ynez dùn gan-an. Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, títí tó fi ṣàkíyèsí pé "ẹ̀n-ẹ́n" tí ìyá rẹ̀ ń dá a lóhùn ti di híhan orun. Ermina ti sùn lórí ìdúró, bí ẹṣin, kò sì jẹ́ kí ọbẹ̀ kán sílẹ̀ nínú àwo.

Ọdún tí òkè ya ni Ynez tó wá mọ ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀.

Ó ti di ọ̀dọ́bìnrin nígbà yẹn. Ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí Arima ní ọjọ́ àìsùn Kérésìmesì láti lọ yan kéèkì nínú ààrò ńlá ọ̀rẹ́ Ermina kan, nítorí pé sítóòfù ilé ti kọṣẹ́. Òjò ti ń rọ̀ láti òru. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, tí wọ́n yí kọ́nà kẹta orí òkè, Ermina tẹ búréékì lójijì. Kò sí ọ̀nà níwájú mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òkè ti ya lulẹ̀, òun pẹ̀lú igi àti àpáta, ẹrẹ̀ pupa sì ń ṣàn láàárín rẹ̀ bí ọbẹ̀ tó hó kọjá ẹnu ìkòkò.

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pohùn réré. Ẹrù ọdún gbogbo ilé ló wà nínú ọkọ̀ náà. Tíṣà Warner di ẹrù kan tó fi ìwé ìròyìn wé mọ́ àyà, ojú rẹ̀ sì le.

"Tíṣà, kí lẹ dì mọ́ra bẹ́ẹ̀?" ni Hollis béèrè.

"Jésù ọmọ-ọwọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti kán, mo gbé e lọ tún ṣe. Ibùjẹ ẹran tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo, òun ni Fada sì ń retí."

Hollis ní ẹ jẹ́ ká yí padà sí Arima. Àǹtí Celestine ní òun ti mọ̀ pé òun kò ní rí ọdún yìí parí. Ermina pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹrẹ̀, ó wo òkè, ó wo ojú ọ̀run. Ó padà wọlé, ó mú àdá lábẹ́ àga.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ló wí. "Ọ̀nà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àtijọ́ ṣì wà nínú oko kòkó yìí, Bonifacio fi hàn mí rí. Ẹ gbé ẹrù yín. Háàmù lọ sórí, ọmọdé lọ sẹ́yìn. Hollis, ìwọ lo máa gbé Àǹtí Celestine."

"Èmi, mà?"

"Ìwọ kọ́ ni ìjọba ni? Gbé aráàlú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò wọnú oko kòkó. Ermina ń fi àdá la iwájú, ó gbé àpótí kéèkì rù. Ibẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Àǹtí Celestine ń darí Hollis láti orí ẹ̀yìn rẹ̀, "Yà sósì! Mo ní òsì, kì í ṣe ibi tí o ń lọ yẹn!" Lójijì ni ẹsẹ̀ Ermina yọ̀, ó fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ gbìì, ó sì yọ̀ lọ sísàlẹ̀ títí tó fi dé ìdí igi kòkó kan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì di àpótí mú lórí.

"Kéèkì ńkọ́?" ló ké láti ibẹ̀.

"Kéèkì wà, mà!"

"Ìdí mi ńkọ́?"

"A ò rí i mọ́, mà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi gbé háàmù sílẹ̀. Ynez sọ̀ kalẹ̀ lọ fa ìyá rẹ̀ dìde. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó rí i pé èjìká Ermina ń mì, ó rò pé ẹ̀rín ni. Ẹkún ni.

Kò rí ẹkún ìyá rẹ̀ rí. Kò mọ ibi tó yẹ kí òun fọwọ́ sí. Ó jókòó tì í nínú ẹrẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi tọdún yìí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bínú."

"Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn." Ermina fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ẹrẹ̀ sì fà gba ojú rẹ̀ já. "Ọdún tí bàbá ẹ kú, mi ò ṣe nǹkan kan. Mi ò fọ ògiri, mi ò so kọ́tìnì, mi ò se nǹkan kan. Mo dùbúlẹ̀. Ìwọ àti Rufino jókòó sórí àtẹ̀gùn látàárọ̀, ẹ ń gbọ́ orin láti ilé àwọn ẹlòmíràn. Mo ń retí kí ẹ wá bá mi jà. Mo ń retí kí ẹ sunkún. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìwọ wá gbé omi fún mi, o ní, 'Màmá, kò burú, a ò fẹ́ràn Kérésì tẹ́lẹ̀.'"

Ynez kò rántí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí pé irú ohun tí òun lè sọ nìyẹn.

"Mo ti búra látọjọ́ yẹn," ni Ermina wí. "Kérésì ò ní fo ilé mi dá mọ́. Bí mo bá tiẹ̀ máa sùn sórí ìrẹsì."

Ynez gbé àpótí kéèkì kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e ka orí ara rẹ̀. "Ẹ dìde, Màmá. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Ẹ̀n-ẹ́n, jẹ́ kí wọ́n máa wò." Ermina dìde, ó gbé àdá, ó sì yí padà sí àwọn tó kù. "Kí lẹ dúró ń ṣe? Ṣé kòkó lẹ wá ká ni?"

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n yọ sí abúlé. Àwọn olórin páráńgì ti gbọ́ pé òkè ya, wọ́n dúró sí etí oko pẹ̀lú gìtá wọn, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n kọrin ọdún tàbí orin arò. Bí wọ́n ṣe rí Ermina tó pọ́n bí amọ̀ látorí délẹ̀, tí ogunlọ́gọ̀ háàmù tò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ìlù sí i. Jésù ọmọ-ọwọ́ dé ibùjẹ ẹran lákòókò. Tíṣà Warner ti bá Ermina gbé háàmù rẹ̀ sínú àpò kan náà pẹ̀lú ẹrù mímọ́ yẹn, nítorí náà nígbà tí Fada tẹrí ba láti fi ẹnu ko ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ó dúró, ó gbóòórùn, ó sì tún fi ẹnu kò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ọjọ́ kejì, kí Ermina tó jókòó sídìí oúnjẹ, Ynez mú ìrọ̀rí kékeré kan láti orí ibùsùn, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ àwo ìyá rẹ̀. Rufino rẹ́rìn-ín, àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ermina wo ìrọ̀rí náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́." Ó sì sùn bí ẹni rere.

Ọdún ń gorí ọdún. Ynez di tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, ó bí ọmọ tirẹ̀, òun náà wá mọ bí oṣù Kejìlá ṣe ń gun èèyàn lẹ́yìn. Rufino gba ìdí ọkọ̀ nígbà tí orúnkún Ermina kò gbà kó tẹ búréékì mọ́. Ermina jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ẹnu wa ọkọ̀ láti ibẹ̀. Bí Rufino bá kọjá, á ké sí i pé, "O ń tẹ̀ ẹ́ jù!" Rufino á fọn fèrè ọkọ̀ fún un. Á tún ké pé, "O ń fọn ọ́n jù!"

Ó kú ní àárín ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, lójú oorun, ní ọ̀sán gangan. Àǹtí Celestine, tó ti ń sọ pé òun kò ní rí ọdún parí láti ìgbà tí Ynez ti wà léwe, ló wá jókòó tì í. "Ó yá ọ lára jù mí lọ, àbí?" ló wí, ó sì ń tún ọ̀já orí òkú náà ṣe.

Nígbà ìsìnkú, ilé kún, àgbàlá kún, àwọn èèyàn jókòó títí dé orí ògiri ọ̀nà. Wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń sọ ìtàn Ermina. Hollis, tó ti di ọ̀gá ọlọ́pàá onírun funfun, ló sọ ti kọ́tìnì fúnra rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ júwe bí ojú abẹ́rẹ́ òun ṣe rí. Ẹnì kan láti Arima, tí ojú rẹ̀ le, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, dìde, ó ní òun ti ń yẹ ọkọ̀ wò rí, òun kò sì tíì jẹ irú pasitẹ́ẹ̀lì yẹn mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó lè sọ mọ́ èwo ni omi ẹ̀rín, èwo ni omi ẹkún. Wọ́n yí ojú sí Ynez. "Ìwọ ńkọ́? Sọ tìẹ."

Ynez sọ ti igi gbẹ̀rẹ̀fútù. Ó fi ọ̀kan pa mọ́.

Ní oṣù Kejìlá tó kẹ́yìn ayé Ermina, Ynez ti ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó rẹ̀ ẹ́, ìwé àwọn ọmọ tí kò tíì yẹ̀ wò wà lórí tábìlì, ògiri kan ṣoṣo ló sì rí fọ̀. Ó dúró ní ilé ìdáná, ó ń ro kéèkì dúdú nínú abọ́ ńlá, apá ń dùn ún. Ìyá rẹ̀ wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó fara ti ẹnu ọ̀nà.

"Mú un wá kí n tọ́ ọ wò."

Ynez fi ṣíbí igi bu díẹ̀ fún un. Ó dúró. Láti ìgbà tó ti ń ro kéèkì, kò sí ọdún kan tí ìyá rẹ̀ kò ní rí ohun tó kù síbẹ̀: ọtí kò tó, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ kò tó, tàbí wọn kò rò ó dé ìsàlẹ̀. Ermina lá ṣíbí náà, ó pa ojú dé, ó ń gbé ahọ́n kiri nínú ẹnu bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó tún lá a.

"Kí ló kù síbẹ̀, Màmá?"

Ermina ṣí ojú. Ó wo ọmọ rẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹ̀fun tó wà ní irun rẹ̀, àmì ṣọ́ọ̀kì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹ̀rì rẹ̀, bàtà ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì ráyè bọ́.

"Ó dùn ju tèmi lọ," ló wí.

Ó dá ṣíbí padà. Ó yí padà, ó ń lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ń dún lórí pákó. Ó dé àárín ọ̀nà kó tó dúró.

"Tí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Ermina wí, láìbojú wẹ̀yìn, "màá ní irọ́ lo pa."